Ta Ni Abishola Yóò Máa Bá Sọ Yorùbá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ kí ó parí sí abẹ́ igi tí a máa ń jókòó sí lẹ́yìn kíláàsì. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá dárúkọ Bob Hearts Abishola láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ̀rín ni a máa ń gbọ́. Ẹnì kan á sín àwọn òṣèré náà jẹ, á fa fáwẹ̀lì gùn níbi tí kò yẹ, á sọ ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní Yorùbá wo nìyẹn. Wọ́n á ní ahọ́n òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rìn-ín ń bi eré náà ni pé, ṣé ahọ́n àwọn òṣèré yìí dán? Ìbéèrè tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè yàtọ̀ sí ìyẹn: ta ni ń bá ta sọ Yorùbá nínú eré náà, níbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kí ló sì ń mú wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì? Bí ó bá jẹ́ pé dídán ahọ́n ni òṣùwọ̀n, ìdílé kan kò ní bọ́ sórí tẹlifíṣàn láéláé láti Adjarra tí àwa tí a ń kọ èyí ti wá. A ó padà dé ibẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS ní Amẹ́ríkà ló gbé eré náà jáde láti September 2019 títí di May 2024, ìpele márùn-ún ló ní. Abishola jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní ìlú Detroit. Òun àti Dele ọmọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Auntie Olu àti Uncle Tunde. Bob, òyìnbó kan tó ní ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀, ní àìsàn ọkàn lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọwọ́ Abishola ló bọ́ sí. Láti ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́, ni ẹbí sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ẹbí. Eré ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ìtàn ìdílé tó ṣí kúrò nílé ni ó wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà: ọkọ àkọ́fẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, ìyá tó wá láti ilé tí kò sì fẹ́ padà mọ́, ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kó di dókítà ṣùgbọ́n tí ijó ń pè. Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí lókè òkun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí lórí fóònù.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń bá ara wọn sọ Yorùbá, wọ́n sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kí ará Amẹ́ríkà lè rí i kà. Kò pọ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn díẹ̀ níbí, gbólóhùn díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n orí tẹlifíṣàn ńlá ni, ní wákàtí alẹ́ tí gbogbo ilé ń wò.

Kí a tó dá eré yìí lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú àwa Yorùbá. Àwọn Júù ni. Láàárín 1881 sí 1924, Júù tó kúrò ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 2, kí òfin ọdún 1924 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé lọ ni Yiddish. Ìdí èdè Jámánì ló ti hù, ọ̀rọ̀ Hébérù àti ti àwọn èdè Slavic kún inú rẹ̀, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe èdè kọ̀rọ̀ nígbà náà. Ìwé ìròyìn Forverts bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Yiddish ní New York ní 1897, àwọn tíátà wà tó jẹ́ pé Yiddish ni wọ́n fi ń ṣeré, ewì wà, ìwé ìtàn wà.

Gertrude Berg, obìnrin Júù tí wọ́n bí ní New York ní 1899, kọ ìtàn ìdílé Goldberg fún rédíò ní 1929. Ní January 1949 ó gbé e dé orí tẹlifíṣàn CBS, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Molly, ìyá ilé. (Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ eré mìíràn tó ń jẹ́ The Goldbergs, èyí tó jáde ní 2013. Ìyẹn tún yàtọ̀.) Inú fúláàtì kan ní Bronx ni wọ́n ń gbé: Molly, Jake ọkọ rẹ̀, Uncle David, àti àwọn ọmọ méjì, Rosalie àti Sammy. Molly á yọrí lójú fèrèsé, á pe aládùúgbò, ejò á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Berg gba ẹ̀bùn Emmy fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ ní 1951.

Èdè wo ni Molly ń sọ? Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì tí Yiddish ń yọjú nínú ètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti nínú ìgbésókè-gbésódò ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Amẹ́ríkà yòókù. Yiddish fúnra rẹ̀ kò rí àga jókòó sí nínú ilé náà. Ìró rẹ̀ nìkan ló kù, bí òórùn ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀. Ẹni tó ń wo Molly á rẹ́rìn-ín, kò sì ní fura pé odidi èdè kan wà lẹ́yìn ohun tí òun ń fi ṣẹ̀rín. Nígbà tó fi máa di ìpele tó kẹ́yìn, ní 1955 sí 1956, wọ́n ti kó ìdílé náà kúrò ní Bronx lọ sí ìgbèríko kan tí wọ́n fún ní orúkọ àròsọ, Haverville. Àdúgbò tí ahọ́n Molly ti ní ẹgbẹ́ ti di ẹ̀yìn wọn.

A kò dá Berg lẹ́bi. Philip Loeb, tó kọ́kọ́ ṣe Jake, kò bá wọn dé Haverville. Orúkọ rẹ̀ jáde ní 1950 nínú ìwé kan tó ka àwọn òṣèré kan sí kọ́múníìsì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1955. Irú àkókò tí Berg ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti fura sí pé àjèjì ni gbọ́dọ̀ máa fi hàn ní gbogbo ìgbà pé ọmọ Amẹ́ríkà gidi ni òun. Ta ló máa gbà kí ìyá ilé dúró síwájú kámẹ́rà nígbà náà kí ó máa sọ Yiddish gbọọrọ, kí ará ìlú máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀?

Ó tó ọdún 71 lẹ́yìn Molly, ní March 2020, kí Netflix tó gbé Unorthodox jáde, eré apá mẹ́rin nípa Esty, ọmọbìnrin tó sá kúrò láàárín àwọn Júù onísìn líle ní Brooklyn lọ sí Berlin. Yiddish ni wọ́n ń sọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń sọ ọ́: Shira Haas, òṣèré láti Israel, tó ní láti kọ́ èdè náà nítorí eré. Eli Rosen ló ń tọ́ wọn sọ́nà lórí èdè, òun náà ló sì tún ṣe rábì nínú rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Molly àti Esty? Àwọn Nazi pa Júù bíi mílíọ̀nù 6 ní Yúróòpù, àwọn tó ń sọ Yiddish ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kàn ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá òbí wọn lóhùn ni, bí Rosalie àti Sammy, títí tó fi jẹ́ pé inú ilé àwọn onísìn líle nìkan ni àwọn ọmọdé ti ń fi Yiddish ṣeré lónìí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí tẹlifíṣàn wá ṣílẹ̀kùn fún èdè náà, ilé irú ti Molly kò ní ẹni tó lè gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé mọ́.

Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Joshua Fishman ti jáde, ẹni tí gbogbo wa ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ká tó jókòó ṣe ìdánwò. A bí i ní Philadelphia ní 1926, ilé tí wọ́n ti ń sọ Yiddish ni. Rukhl, àbúrò rẹ̀ obìnrin, di akéwì ní èdè náà. Ní 1965 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ lókè yìí: ta ni ń sọ èdè wo, fún ta, nígbà wo. A máa ń há a sórí bí ẹni há tábìlì ìṣirò. Ó dà bíi pé a máa ń gbàgbé pé ọmọ aṣíkiri ló bèèrè rẹ̀, àti pé kì í ṣe nítorí ìdánwò ló ṣe bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìbéèrè yẹn wo Abishola. Goodwin àti Kofo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Bob. Níṣojú ọ̀gá wọn, wọ́n á kàn yí sí Yorùbá, wọ́n á sọ tẹnu wọn, wọ́n á tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ná ọjà rí ní Adjarra mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á máa fi Faransé tàbí Gun bèèrè iye, ìyá tó ń ta ìkòkò á dá a lóhùn ní èdè tó fi bèèrè, á wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, á fi Yorùbá bi í pé, "Ṣé kí n gbà á?" Èdè ti pààlà láàárín ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà lóde. Ẹni tó kọ ìran Goodwin àti Kofo mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abishola kò jẹ́ sọ "o" sí Auntie Olu, "ẹ" ni. Auntie Olu lè sọ "o" sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú "ẹ" àti "o" yìí ni gbogbo ètò ilé náà wà: ta ló dàgbà, ta ló ń gbọ́, ta ló lè pàṣẹ. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kò lè gbé e, nítorí "you" kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ibi tí Abishola ti ń fi ọ̀wọ̀ kọ̀ fún àgbà, ará Amẹ́ríkà á kà á bí ìgbà tí ẹgbẹ́ méjì ń jiyàn. Àwa ti Benin ń kùn sí Faransé lójoojúmọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ní ti èyí, Faransé ní "tu" àti "vous". Ẹni tó bá mọ Yorùbá tó sì mọ Faransé lè túmọ̀ àwọn ìran wọ̀nyẹn kó sàn ju ti wọn lọ. Kí ẹnì kan nínú wa mú un ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, a bẹ̀ yín.

Ní ti ahọ́n tí wọ́n fi ń ṣẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Gina Yashere, tó ṣe Kemi, tó sì wà lára àwọn mẹ́rin tó dá eré náà sílẹ̀, London ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yà Edo sì ni àwọn òbí rẹ̀. Kò gbé Yorùbá wá látinú ilé. Bayo Akinfemi, tó ṣe Goodwin, ni ó ń bójú tó Yorùbá inú eré náà, bí Eli Rosen ṣe bójú tó Yiddish. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á gbọ́ ohùn tó ṣì lọ. Kí ni ìyẹn wá fi hàn? Àwọn ènìyàn tó ti dàgbà jókòó, wọ́n kọ́ ohùn mẹ́ta Yorùbá kí wọ́n lè sọ ọ́ níwájú ayé. Molly kò rí irú rẹ̀. Ẹ tún ronú nípa àwọn Yorùbá tó wà ní Detroit, ní Houston, ní Peckham gan-an: ṣé ahọ́n gbogbo wọn dán ni? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbé London kó tó dé Amẹ́ríkà, ọmọ Edo tó fẹ́ Yorùbá, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tó ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè sọ. Ahọ́n tí kò dán ni ahọ́n ìdílé aṣíkiri. Eré tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ bá ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn ní rédíò, irọ́ ni eré náà ń pa.

Ibi tí àwa ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú eré náà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Dele ni àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọmọ yẹn. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé púpọ̀, a kò ní kí wọ́n parọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jà lórí ijó rẹ̀, wọ́n jà lórí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n jà lórí bàbá rẹ̀; ìjà lórí èdè rẹ̀ kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìjà tí ọ̀pọ̀ ìyá ń jà lábẹ́ òrùlé wọn. Wọ́n fi Yorùbá sí ẹnu àgbà, wọ́n fi í síbẹ̀.

Ìkejì dùn wá jù. Ní 2023, kí ìpele karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dín owó eré náà kù. Billy Gardell tó ṣe Bob àti Folake Olowofoyeku tó ṣe Abishola nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ bí òṣèré gbogbo ìgbà. Àwọn yòókù, dúdú àti funfun, di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó dáadáa. Auntie Olu, Uncle Tunde, Kemi, Goodwin, Kofo: gbogbo ẹni tí Abishola lè bá sọ Yorùbá ni wọ́n rọ̀ sẹ́yìn, ẹni tó kù tì í ní gbogbo ìgbà ni Bob. Bob lè kí ni ní Yorùbá, ó lè dọ̀bálẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ta ni Abishola yóò máa bá sọ Yorùbá? Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kí wọ́n má sọ èdè náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ pé kó dínkù. Owó ló dín àwọn tó ń sọ ọ́ kù. Èdè kì í gbé nínú ẹnì kan. Ó di dandan kí wọ́n pé méjì.

Níbi yìí ni a ti fẹ́ padà sí Adjarra bí a ti ṣèlérí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, pé ààlà Nàìjíríà wà nítòsí, pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà wa, tí ìlù àti ìkòkò wa sì ń fà èrò wá láti ọ̀nà jíjìn. Gun ni èdè ìgboro. Ṣùgbọ́n àwọn agboolé wà tí wọ́n ń pè ní ti Ànàgó, àwọn tí bàbá ńlá wọn bá òwò tàbí ogun dé, tí wọn kò sì padà. Èdè méjèèjì ti gbé pọ̀ pẹ́ débi pé wọ́n ti ń wọ aṣọ ara wọn: Ifá tiwa ni Fá tiwọn, Ògún tiwa ni Gu tiwọn, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí lórí ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ má wá ọ̀nà jíjìn mọ́.)

Nínú agboolé kan tí a mọ̀ dáadáa, ìyá àgbà ń sọ Yorùbá fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi Yorùbá dá a lóhùn, wọ́n sì ń fi Gun bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé tó jẹ́ Gun ń fi Yorùbá kí ìyá ọkọ, á kúnlẹ̀ dáadáa, gbólóhùn mẹ́rin lẹ́yìn náà á ti bọ́ sí Gun, ìyá àgbà á sì bá a lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ń bọ̀ láti ilé ìwé pẹ̀lú Faransé. "Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní monnaie." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, "ẹ" wà níbẹ̀, ohùn Gun wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé wà nídìí rẹ̀. Bí ẹni tó ti Èkó wá bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín kan náà tí a ń fi Kemi rín ló máa rín. A ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà láti òdìkejì ààlà bá pọ̀ lọ́jà, a máa ń gbọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé òṣùwọ̀n ahọ́n dídán kò dára fún wa. Òun ló ń mú kí ọmọ ọdún mẹ́wàá dákẹ́ níwájú àlejò tó ń sọ Yorùbá, kí ó sì mú Faransé, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fi Faransé rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní àdúgbò.

Ṣé ìtàn ìdílé ni kò sí ní etíkun wa ni? Ó pọ̀ jù. Àjàṣẹ́ kún fún ìdílé Àgùdà, Paraïso, da Silva, d'Almeida, àwọn tí bàbá ńlá ọ̀pọ̀ wọn padà láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú orúkọ Potogí, oúnjẹ Bahia, ilé alárànbarà. Àwọn kan nínú wọn sì ń sọ Yorùbá kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú lọ. Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Brazil, rí i pé ìtàn ńlá ni. Ó gbé A Casa da Água jáde ní 1969, lórí ìdílé kan tó kúrò ní Brazil padà sí Èkó. Ní èdè Potogí. Lórí tẹlifíṣàn ńkọ́? Ní àwọn ọdún 2000, Ma Famille, eré Akissi Delta láti Côte d'Ivoire, ni ìdílé tí gbogbo agboolé mọ̀, Faransé sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Fídíò Yorùbá ń wá láti Èkó, Yorùbá Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀. Ìdílé tí ìyá àgbà ti ń sọ Yorùbá, tí ìyàwó ń sọ Gun, tí ọmọ ń sọ Faransé, tí gbogbo wọn sì gbọ́ ara wọn yé, a kò tíì rí i lórí tẹlifíṣàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni a ti jí láàárọ̀ yìí.

Ẹnì kan bi wá pé ta ló máa wò ó. A bi í padà pé ta ló rò ní 2018 pé ará Amẹ́ríkà á jókòó ka ìtumọ̀ Yorùbá nísàlẹ̀ àwòrán fún ìpele márùn-ún. Ẹlòmíràn ní owó ńkọ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a kò ní ìdáhùn ńlá fún un. Ṣùgbọ́n rédíò kò wọ́n tó tẹlifíṣàn, orí rédíò náà sì ni Molly fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé kó tó dé orí tẹlifíṣàn. Ẹnìkẹta, ọ̀rẹ́ wa ni, ní kí a kọ́kọ́ tún Yorùbá Adjarra ṣe kí a tó gbé e síta. Èyí ni a kọ̀ pátápátá. Bí a bá tún un ṣe tán, kì í ṣe ti Adjarra mọ́.

Àkọtọ́ wà nílẹ̀ fún un. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ti tún un wò láti ìgbà náà: ibi tí Nàìjíríà ń kọ "ọmọ", tiwa ni "ɔmɔ", "pa" tiwọn ni "kpa" tiwa, "ṣe" tiwọn ni "she" tiwa. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, ní tòótọ́, pé nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ kọ orúkọ Abishola, "sh" ni wọ́n lò, bí ẹni pé ìwé àkọtọ́ Benin ni wọ́n ṣí. Àǹfààní kan tún wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì yìí: òun kan náà la fi ń kọ Gun. Òǹkọ̀wé lè gbé ìyá àgbà àti ìyàwó ilé sójú ìwé kan náà láì pààrọ̀ àkọtọ́ láàárín gbólóhùn.

Nítorí náà àwa mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀. A kì í ṣe òǹkọ̀wé eré, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé, pẹ̀lú àṣẹ àwọn onílé, a ń jókòó sí agboolé nírọ̀lẹ́, a ń kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún, èdè tó fi sọ ọ́, àti ibi tó ti yí i padà. Ìran àkọ́kọ́ ti wà lórí ìwé: ìyàwó ilé fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Cotonou nítorí ilé ìwé, ìyá àgbà kò fẹ́. Ìyá àgbà sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, ìyàwó ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó bínú, ó bọ́ sí Gun. Ọmọ náà ló dáhùn ní Faransé, ni gbogbo wọn bá dákẹ́. A kò tíì mọ ohun tí ìyá àgbà máa sọ lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì mọ èdè tó máa fi sọ ọ́. Gun tiwa ni kò jinlẹ̀ tó fún ọ̀rọ̀ ìyàwó náà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ jù wá lọ, tí kò sì ní máa fi Yorùbá wa rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ Thursday lẹ́yìn kíláàsì ni a máa ń pàdé, lábẹ́ igi yẹn náà.